Fóìsì, ọ̀rọ̀ kíkọ tàbí íméèlì: èwo ni kí ẹ fi kọ́ èèyàn yín tó wà lókè òkun ní Gẹ̀ẹ́sì?

Ìyàwó àbúrò mi ló jẹ́ kí n máa ro ọ̀rọ̀ yìí. Iṣu ló ń tà nínú ọjà ní Ìkéré-Èkìtì níbí kí ó tó lọ bá ọkọ rẹ̀ ní Winnipeg, ní orílẹ̀-èdè Kánádà. Kíláàsì kẹta ló ti kúrò ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó lè ka Bíbélì Yorùbá geere, kò sì sí ẹni tó lè rẹ́ ẹ jẹ nínú ìṣírò owó, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò kọjá “good morning” àti “thank you”.

Oṣù kejì tó débẹ̀, ó gún iyán ní ọjọ́ Sátidé kan. Àjà kẹta ni wọ́n ń gbé nínú ilé alájà púpọ̀. Iyán náà kò tíì kúnná tí obìnrin tó ń gbé nísàlẹ̀ wọn fi gòkè wá, tó kan ilẹ̀kùn, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Ìyàwó wa dúró tòun ti ọmọ odó lọ́wọ́. Kò gbọ́ ohun tí obìnrin náà ń sọ, kò sì ní ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu tó lè fi dá a lóhùn. Ló bá tilẹ̀kùn. Ohùn tó gbà ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ ọjọ́ náà ṣì wà lórí fóònù mi: “Àǹtí Tíṣà, mo tilẹ̀kùn mọ́ èèyàn lónìí. Kí ni ǹ bá sọ?”

Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni mẹ́rin ni mò ń bá ṣe é báyìí, gbogbo wọn ló ti lé lógójì ọdún, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo ti dán oríṣiríṣi ọ̀nà wò. Òmíràn ṣiṣẹ́, òmíràn fi oṣù wa ṣòfò. Mo fẹ́ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lè mọ èyí tó bá èèyàn tirẹ̀ mu. Ilé Èkìtì wo ni kò ní tíṣà, yálà èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́ tàbí èyí tó ti fẹ̀yìn tì bíi tèmi? A lè ṣe é.

Kíláàsì ìjọba ńkọ́?

Ẹ má fi tiwa rọ́pò tiwọn. Ní Kánádà, ìjọba ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní LINC, ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó ti gba ìwé ìgbélùú tó wà títí. Ọsirélíà ti ní irú rẹ̀ láti ọdún 1948, AMEP lorúkọ rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ESOL ni kí ẹ bèèrè. Bí èèyàn yín kò bá tíì forúkọ sílẹ̀, ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó.

Ṣùgbọ́n ohun tí ìyàwó wa ń sọ fún mi ni pé àwọn bí ogún ló wà nínú kíláàsì òun, àti pé ọjọ́ mìíràn wà tí òun kì í la ẹnu rárá títí wọn yóò fi túká. Ìtìjú ń bẹ níbẹ̀. Àgbàlagbà tó ti ń dá ọjà ná, tó ti ń bá àwọn awakọ̀ àti alárù jà lórí owó, kò fẹ́ kí ọmọ ogún ọdún gbọ́ bí ahọ́n òun ṣe ń lọ́. Kíláàsì ń fún un ní ọ̀rọ̀. Ohun tí àwa ń fún un ni ẹni tí yóò sọ ọ̀rọ̀ náà fún, tí yóò sì fèsì.

Fóìsì tàbí ọ̀rọ̀ kíkọ?

Ibí ni ìpinnu tó tóbi jù wà, nítorí náà n ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

Fóìsì, ìyẹn ohùn tí a gbà lórí WhatsApp tí a fi ránṣẹ́, ni mo fara mọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Kò sí lẹ́tà tí yóò dẹ́rù bà á. Ó lè gbọ́ tèmi ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá nígbà tó bá ń fọ abọ́. Ó lè gba tirẹ̀, kí ó gbọ́ ọ, kí ó pa á rẹ́, kí ó tún un gbà, kí n tó gbọ́ ẹyọ kan. Ìyàwó wa jẹ́wọ́ fún mi pé fóìsì Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tí òun fi ránṣẹ́ sí mi, ẹlẹ́ẹ̀keje ni. Ní kíláàsì, ta ni yóò fún un láyè ẹ̀ẹ̀meje?

Ìdí mìíràn tún wà. Ẹni tó bá fẹ́ di ọmọ Kánádà, tí ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàárín ọdún 18 sí 54, gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun dé ìpele kẹrin nínú ìpele méjìlá tí wọ́n ní, ṣùgbọ́n sísọ àti gbígbọ́ nìkan ni wọ́n ń béèrè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, ìdánwò A1, ìyẹn ìpele àkọ́kọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ti ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ lọ bá ọkọ tàbí aya rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, sísọ àti gbígbọ́ ni. Òfin ìwọ̀lú máa ń yí padà, ẹ wò ó lórí ìkànnì ìjọba wọn kí ẹ tó sanwó ìdánwò. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé etí àti ẹnu ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá.

Fóìsì náà ló sì ń jẹ́ kí ẹ gbọ́ ibi tí ahọ́n ti ń di. Bí a ṣe ń pe “p” tiwa kò bá tiwọn mu, nítorí náà “people” máa ń wúwo lẹ́nu wa bí ẹni fẹ́ pe “pópó”. A kò ní “v”, a kò ní “z”, a kò sì ní ohùn tí wọ́n ń fi “th” kọ. Ọ̀rọ̀ tiwa kì í parí sórí kọ́ńsónáǹtì, ti Gẹ̀ẹ́sì sì máa ń parí síbẹ̀, ni a ṣe máa ń fi fáwẹ̀lì tì í lẹ́yìn. Ẹ kò lè rí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí nínú ọ̀rọ̀ kíkọ.

Àléébù fóìsì ni pé ọ̀rọ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ra. Lọ́jọ́ kan ìyàwó wa bi mí pé, “Àǹtí, kí ni àfagúdùwọ́ọ̀nù?” Ó ní gbogbo ìgbà tí òun bá ti sanwó tán ní ilé ìtajà ni ọmọbìnrin tó ń gba owó máa ń sọ ọ́. Mo ronú, ronú. Mo ní kí ó tún un sọ. Ìgbà kẹta ni mo tó gbọ́ ọ: “Have a good one.” Bí ẹni ń sọ pé “ó dàbọ̀ o” ni. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló ti di ẹyọ kan létí rẹ̀, kò sì sí bí mo ṣe lè fi ohùn tú u. Mo ní láti kọ ọ́, kí ó rí àlàfo tó wà láàárín wọn.

Ohun tí ọ̀rọ̀ kíkọ fi ju fóìsì lọ nìyẹn. Ó ń fi ojú ọ̀rọ̀ hàn, ó sì ṣeé padà lọ wò. Ẹni tó bá ti ń ka Yorùbá kò sì bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Álífábẹ́ẹ̀tì wa jẹ́ 25, ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 26. Lẹ́tà márùn-ún péré ni wọ́n ní tí àwa kò ní: c, q, v, x àti z. Ẹ sọ èyí fún èèyàn yín ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo rí i lójú ọ̀kan nínú àwọn ìyá tí mò ń kọ́, nígbà tó wálé ní Kérésìmesì, bí ara rẹ̀ ṣe fúyẹ́ nígbà tí mo sọ fún un pé ó ti mọ lẹ́tà mọ́kànlélógún tẹ́lẹ̀.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni pé fóònù máa ń bá èèyàn kọ ọ́. Ó tẹ lẹ́tà méjì, fóònù gbé ọ̀rọ̀ mẹ́ta síwájú rẹ̀, ó fọwọ́ kan ọ̀kan, ó sì ránṣẹ́. Ẹ lè máa yọ̀ pé ó ti ń mọ̀ ọ́n kọ, nígbà tó jẹ́ pé fóònù ló mọ̀ ọ́n.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí nìyí. Fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, fóìsì nìkan ni tirẹ̀. Tèmi jẹ́ méjì: mo fi ohùn fèsì, lẹ́yìn náà mo tẹ ohun tí mo sọ gan-an sísàlẹ̀ rẹ̀, láìfi kún un, láìyọ kúrò. Ó ń gbọ́, ojú rẹ̀ sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Lẹ́yìn oṣù kẹta, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí fi ìlà kan sábẹ́ fóìsì tirẹ̀.

Ọ̀nà kẹta tí mo fẹ́ràn jù

Ẹ ra ìwé ìkọ̀wé fún un. Kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìlà mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí ó ya fọ́tò rẹ̀, kí ó fi ránṣẹ́. Ẹ̀yin náà, ẹ fi ọwọ́ kọ èsì, kí ẹ ya fọ́tò tiyín. Fóònù kò lè bá èèyàn tún ìwé ọwọ́ ṣe. Ohun tó bá wà níbẹ̀, tirẹ̀ ni.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, èmi ni akọ̀wé fún àwọn ìyá àdúgbò wa. Ìwé ọ̀fẹ́ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní January 1955, àwọn ọmọdé ló bá. Àwọn tó ti dàgbà ti kọjá rẹ̀. Bí lẹ́tà bá dé láti Èkó tàbí Gánà, èmi ni wọn yóò pè. Èmi ni n ó kà á, èmi ni n ó sì kọ èsì: “Inú mi dùn púpọ̀ láti kọ ìwé yìí sí ọ, mo sì gbàgbọ́ pé àlàáfíà ni o wà bí mo ti wà níhìn-ín.” Gbólóhùn kan náà fún gbogbo ìyá, bóyá inú wọn dùn ni o, bóyá inú wọn kò dùn. Mo rántí ìyá kan tó ń sunkún nígbà tó ń sọ ohun tí n ó kọ, mo sì kọ ọ́ pé inú rẹ̀ dùn púpọ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa pé lẹ́tà ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá náà kò lè kà á, kò sì mọ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀ yín: ẹ má di akọ̀wé èèyàn yín. Ọ̀nà yòówù kí ẹ yàn nínú gbogbo èyí tí mò ń kà sílẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń kọ Gẹ̀ẹ́sì náà tí òun wulẹ̀ ń dà á kọ, kò kọ́ nǹkan kan. Nígbà tí ìyàwó wa bi mí ohun tí òun ì bá sọ fún obìnrin ìsàlẹ̀ yẹn, ó rọrùn fún mi láti kọ gbólóhùn márùn-ún tó gún régé. Mo bi í pé, “Kí ni o fẹ́ kí ó mọ̀?” Ó ní kí ó mọ̀ pé iyán ni, pé kì í ṣe ìjà, pé òun ń bẹ̀ ẹ́. Mo fún un ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta, “sorry”, “noise” àti “food”. Òun ló tò wọ́n.

WhatsApp tàbí íméèlì?

WhatsApp ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ó ti wà lórí fóònù rẹ̀, ó ń fi bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀, kò sí ọ̀rọ̀ ìwọlé tí yóò gbàgbé. Bí ó bá ṣe àṣìṣe, ó ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti tún un kọ lẹ́yìn tó ti fi ránṣẹ́, ìyẹn sì ń fọkàn wọn balẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Íméèlì ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì yá. Iléèwé ọmọ rẹ̀ yóò kọ íméèlì, onílé yóò kọ ọ́, ibi iṣẹ́ yóò kọ ọ́. Kò lè sá fún un títí. Nígbà tó bá ti lè kọ gbólóhùn márùn-ún tẹ̀ léra láìwo ojú ẹnikẹ́ni, ẹ ṣí i fún un. Ẹ kọ́ ọ ní bí a ṣe ń kí ènìyàn lókè àti bí a ṣe ń fọwọ́ sí i nísàlẹ̀, kí ẹ sì fi nǹkan tòótọ́ bẹ̀rẹ̀: kí ó kọ̀wé sí tíṣà ọmọ rẹ̀ pé ọmọ náà kò ní lè wá lọ́la. Ohun tó dára nínú íméèlì ni pé kò sí àmì aláwọ̀ búlúù tí ń sọ pé wọ́n ti kà á. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu rẹ̀ lè fi ọjọ́ méjì kọ èsì rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò máa dúró dè é.

Ẹ̀rọ ìtumọ̀ ti Google ti ní Yorùbá láti ọdún 2013. Ó wúlò fún kíka ohun tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí i. Fún kíkọ, ẹ ṣọ́ra. Èèyàn wa kì í sábà fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti oko á sì di ọ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ á wá yan èyí tó bá wù ú. Kí ẹnì kan má lọ sọ fún dókítà pé mọ́tò òun ń ṣàìsàn.

Ará ilé tàbí àjòjì?

Ta ni yóò máa bá a kọ̀wé? Ọ̀pọ̀ ń rò pé ọkọ rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ló yẹ, wọ́n ṣáà jọ ń gbé. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ máa ń yára, á sì máa rẹ́rìn-ín. Ọkọ á ti dé láti ibi iṣẹ́, ó ti rẹ̀ ẹ́, Yorùbá ló sì yá lẹ́nu àwọn méjèèjì.

Ará ilé tó wà ní Èkìtì dára fún ìbẹ̀rẹ̀ nítorí pé ó gbọ́ èdè méjèèjì, ó mọ ìtàn ẹni náà, kò sì sí lára àwọn tí ẹni náà ń tijú fún níbẹ̀. Bí ìyàwó wa bá sọ fún mi pé ohun kan dà bí ọ̀sán ọjọ́ ọjà, ohun tó ń sọ yé mi. Mo lè wá Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ fún un.

Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tiwa kì í ṣe tiwọn. Mo ti kó o sí wàhálà nípa èyí, mo sì gbà pé èmi ni mo fà á. Ó fẹ́ mọ bí òun yóò ṣe kí àwọn tó ń ro yìnyín kúrò lójú ọ̀nà. Mo ní kí ó sọ pé “Well done”, nítorí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ “ẹ kú iṣẹ́” níbí. Ọkùnrin tó sọ ọ́ fún wò ó tìyanu-tìyanu. Létí tirẹ̀, bí ìgbà tí tíṣà ń yin ọmọ iléèwé ni. “Sorry” náà ńkọ́? Bàbá àgbàlagbà kan yọ̀ ṣubú níwájú ilé ìtajà, ìyàwó wa sáré lọ bá a, ó ń wí pé “Sorry, sorry!” Bàbá náà dáhùn pé, “It’s not your fault.” Ìyàwó wa rò pé bàbá náà ń bínú sí òun ni. “Pẹ̀lẹ́” ni òun ń sọ, “ẹ má bínú, èmi ni mo ṣe é” ni bàbá náà gbọ́. Mo kọ́ ọ pé “Are you okay?” ló yẹ kí ó kọ́kọ́ bèèrè. Bẹ́ẹ̀ náà ni “I’m coming” tí a máa ń sọ nígbà tí a bá fẹ́ jáde lọ kí a sì padà wá. Ẹni tó bá sọ ọ́ níbẹ̀ tó sì jáde lọ, ojú tí wọn yóò fi wò ó kò ní dára.

Àjòjì tó ń gbé ìlú ibẹ̀ ló lè tún irú èyí ṣe. Aládùúgbò ni o, ẹni tí wọ́n jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí ni o, ẹnì kan láti kíláàsì rẹ̀ tí kò gbọ́ Yorùbá ni o. Èyí tó dára jù lójú mi ni ẹni tí òun náà ṣe àtìpó rí. Ìyàwó wa ń bá obìnrin ará Ukraine kan kọ̀wé báyìí. Kò sí Yorùbá tí wọ́n lè sá sí, Gẹ̀ẹ́sì àwọn méjèèjì kò sì pé, nítorí náà kò sí ẹni tó ń tijú fún ẹnì kejì. Ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Ará ilé fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, lẹ́yìn náà kí àjòjì kan wọlé, kí ará ilé sì wà lẹ́yìn tí yóò máa ṣàlàyé. Bẹ́ẹ̀ ni n ó ṣe tò ó.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan tó jọ mọ́ èyí: ọ̀kan nínú àwọn tí mò ń kọ́ kò fẹ́ pe àgbàlagbà ní “you”, ó ní ìwọ̀sí ni. Mo rán an létí pé nínú Èkìtì tí àwọn ìyá wa àgbà ń sọ, tí wọ́n ń pe ilé ní “ulé”, a kì í fi “ẹ” bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ẹnì kan náà ni a ń pè ní ìwọ, ì báà ṣe ọba. Ohùn àti ìkúnlẹ̀ la fi ń bọ̀wọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àṣé Èkìtì ni wọ́n.” Kò sì ní ìṣòro pẹ̀lú “you” mọ́.

Gúrúùpù tàbí èèyàn méjì?

Èèyàn méjì. Mo kó àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú gúrúùpù kan rí. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹnì kan ló ń sọ̀rọ̀, ẹnì kan ń fi àwòrán “good morning” ránṣẹ́, àwọn méjì yòókù dákẹ́. Gúrúùpù dára fún ẹni tó ti lè sọ̀rọ̀.

Ìpè fídíò kò sí lára ohun tí mo gbé kalẹ̀, nítorí pé a kò lè tún un gbọ́, dátà sì ti gbówó lórí. Àkókò kò tún bára mu. Kánádà tiwọn ń fi wákàtí mẹ́fà tàbí méje rẹ̀yìn sí wa ní Winnipeg. Ìgbà tó bá ti tẹ́ ọmọ sùn tán tó ráyè, òru ọ̀gànjọ́ ni ní Ìkéré. Fóìsì á dúró dè mí títí n ó fi jí. Ẹni tí èèyàn rẹ̀ wà ní London kò ní ìṣòro yìí, wákàtí kan péré ni ìyàtọ̀ wa nígbà òtútù wọn, kò tilẹ̀ sí ìyàtọ̀ rárá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn.

Kí ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe, tàbí ẹyọ kan?

Èyí ló lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ wo ohun tí ìyàwó wa kọ ránṣẹ́ ní oṣù kẹrin, bí ó ṣe kọ ọ́ gan-an:

“Yesterday I go hospital with my husband. She wait for me outside. Doctor say I drink more water.”

Tíṣà ni mí, ọwọ́ mi ń yún mi. Mo tún gbogbo rẹ̀ kọ, mo fi lẹ́tà ńlá sí ibi tí mo ti ṣàtúnṣe, mo sì fi ránṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mi ò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí mo pè é, ó ní òun rò pé òun ti kọ ọ́ dáadáa. Mo wá rí i pé mi ò tilẹ̀ bèèrè ohun tó gbé e lọ sí ọsibítù.

Ohun tó yẹ kí n kọ ni pé: “You went to the hospital yesterday? What happened? Did he wait a long time?” Ìbéèrè ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ká lára ni, “went” àti “he” sì ti wà nínú rẹ̀. Ojú rẹ̀ á kó wọn. Lẹ́yìn èyí, ẹyọ kan ṣoṣo ni kí ẹ mú, èyí tó lè yí ìtumọ̀ padà. Níbí, “she” ni. “Ó” kan náà ni a ní fún ọkùnrin àti obìnrin, kò sí ohun tó kọ́ etí wa láti ya wọ́n sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ “she” fún nọ́ọ̀sì, obìnrin mìíràn ni nọ́ọ̀sì yóò máa wá kiri. A fi odindi oṣù kan ṣe “he” àti “she” nìkan, a ń fi ọkọ, ọmọ, pásítọ̀ àti obìnrin ìsàlẹ̀ ṣe é.

“Go” àti “went” ṣì lè dúró. Ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa kì í yí padà: mo lọ lánàá, mo lọ lọ́dún tó kọjá, “lọ” náà ni. Tí “yesterday” bá ti wà níbẹ̀, ẹni tó gbọ́ ọ ti mọ̀ pé ó ti kọjá.

Ohun tí kò gbọdọ̀ wọ inú ìwé

Ẹni tó ń kọ́ èdè máa ń fẹ́ dáhùn gbogbo ìbéèrè, ibẹ̀ ni àwọn gbájúẹ̀ ti ń rí i mú. Kí ó má fi fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, ìwé ìgbélùú tàbí káàdì báńkì ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni lórúkọ ẹ̀kọ́. Bí nọ́ńbà mẹ́fà bá wọlé sórí fóònù rẹ̀ tí ẹnì kan sì ní kí ó ka àwọn nọ́ńbà náà fún òun, WhatsApp rẹ̀ ni ẹni náà fẹ́ gbà. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ́ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí ni “I will ask my sister.” Kò sí ìgbà tí wọn kò lè lò ó.

Ní ti ìyàwó wa, nǹkan bí oṣù méje lẹ́yìn ọ̀rọ̀ iyán yẹn, fọ́tò kan wọlé sórí fóònù mi láàárọ̀. Ìwé ìkọ̀wé rẹ̀ ni, ó ya ojú ewé kan kúrò nínú rẹ̀. Ó kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé:

“Dear neighbour. Saturday 2 o’clock I pound yam. 20 minutes only. Sorry for the noise. You want to taste? Come.”

Mi ò tíì rí i rí, kò sì bi mí ní ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún un pé “Would you like” ló dára jù. Mo wo àkókò tó fi ránṣẹ́. Ó ti ti ìwé náà sábẹ́ ilẹ̀kùn obìnrin náà kí ó tó fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.